Àwọn Tó Dúró Dè Mí Nínú Igbó Contin

Aago mẹ́ta òru ti kọjá díẹ̀ nígbà tí ṣéènì kẹ̀kẹ́ mi já. Mo gbọ́ "pàkà" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lásán. Mo sọ̀ kalẹ̀. Igi páìnì lọ́tùn-ún, igi páìnì lósì, omi tó dì sójú ọ̀nà sì ń dán bí àwo tánganran. Iná tó wà lórí àṣíborí mi nìkan ni mo fi ń ríran. Tí mo bá yíjú sápá kan, apá kejì á ṣú biribiri.

Inú igbó Contin ni, lápá àríwá Scotland, nítòsí Strathpeffer, nínú oṣù kìíní ọdún. Eré ìje kẹ̀kẹ́ orí òkè oníwákàtí 24 tí wọ́n ń pè ní Strathpuffer ló gbé wa débẹ̀. Lásìkò yẹn nínú ọdún, oòrùn a máa wọ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kì í sì í yọ títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Nínú wákàtí 24 tí eré náà fi ń lọ, bí 17 ló jẹ́ òkùnkùn. Àwọn tó dá a sílẹ̀ mọ̀ pé oṣù kẹfà wà, tí ilẹ̀ kì í tètè ṣú. Oṣù kìíní ni wọ́n mú.

Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo sì kó irinṣẹ́ jáde nínú àpò kékeré tó wà lábẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́. Bí ṣéènì bá já, ojú tó bàjẹ́ lèèyàn máa kọ́kọ́ yọ. Irin kékeré kan wà tí a fi ń ti pín-ìn inú rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ tó ń gbọ̀n kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ irin náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ṣéènì mìíràn wà tí gbogbo wa máa ń mú dání. Ó pín sí méjì. A ó fi apá kan bọ etí ṣéènì níhìn-ín, a ó fi apá kejì bọ etí tọ̀hún, a ó kì wọ́n bọ ara wọn, a ó wá fi gbogbo agbára tẹ pẹ́dàlì kí ó lè há. Ohun tí kò tó èékánná ni. Mo yọ tèmi nínú ọ̀rá rẹ̀, mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ọwọ́ mi gbọ̀n, ó bọ́ sínú yìnyín.

Mo kúnlẹ̀ wá a. Mo fi ìka wa yìnyín bí ẹni ń wa iyanrìn, mo wá a títí n kò fi mọ̀ ọ́n lára mọ́ bóyá ìka ṣì wà lọ́wọ́ mi. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń kọjá. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń dẹ ẹsẹ̀, wọ́n ń béèrè bóyá mo nílò ìrànlọ́wọ́. Mo ń dá wọn lóhùn pé rárá, ẹ máa lọ. Ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ò tíì yé mi dòní. Bóyá ìtìjú ni.

Ìgbà yẹn ni mo rántí Ìyá Ìbejì.

Òyìnbó ni Ìyá Ìbejì, ọ̀kan nínú àwa mẹ́rin tá a jọ wá díje. Èmi ni mo fún un lórúkọ náà, nítorí ó bí ìbejì, nílé wa a kì í bí ìbejì ká tún máa jẹ́ orúkọ àtijọ́. Nígbà tí mo ṣàlàyé ìtumọ̀ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ní kí n kọ ọ́ sí ìwé kó lè fi kọ́ àwọn ọmọ. Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí a ń to ẹrù sínú àgọ́, ó gba àpò irinṣẹ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi nǹkan sí i. Mo sọ fún un pé mo ti ní ojú ṣéènì kan. Ó ní, "Ọ̀kan fún ṣéènì, ọ̀kan fún yìnyín." Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ní aago mẹ́ta òru, mo tún tú àpò náà, mo rí i ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó ti fi sẹ̀lótéépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara páḿpù kó má baà sọnù. Omi lé sí mi lójú.

Kí n tó máa bá a lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọmọ Èfọ̀n Aláayè ṣe dé inú igbó yìí.

Àárín òkè ni Èfọ̀n wà. Ọmọ olókè ni wọ́n ń kì wá, ẹni tó bá sì ti dé ìlú wa mọ̀ pé oríkì náà kì í ṣe àsọdùn: láti ilé wa dé ọjà, ìdajì ọ̀nà ni ìgòkè, ìdajì ni ìsọ̀kalẹ̀. Bàbá mi àgbà ní kẹ̀kẹ́ Raleigh kan, dúdú, gíga, bíréèkì rẹ̀ kì í ṣe wáyà, irin gbọọrọ ni. Wọ́n ń fi í gbé iṣu bọ̀ láti oko. Tí wọ́n bá dé ìdí òkè, wọn á sọ̀ kalẹ̀, wọn á máa tì í, iṣẹ́ tèmi sì ni kí n wà lẹ́yìn kí n máa ti iṣu. Bí a bá dé orí òkè, wọn á gbé mi jókòó sórí igi iwájú, a ó wá máa sọ̀ kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ a máa kún mi lẹ́nu. Títí dòní, tí mo bá ti dé téńté òkè, tí mo bá fẹ́ tú bíréèkì sílẹ̀, ọwọ́ bàbá mi àgbà ni mo máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi. Ìlú Nottingham ni ilé-iṣẹ́ Raleigh wà nígbà náà. Ìlú Birmingham tí mò ń gbé báyìí kò jìnnà síbẹ̀. Mo ti lọ wo àdúgbò náà rí, ní ọjọ́ kan tí mi ò níṣẹ́. Mo kàn dúró níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí, alẹ́ ni mo sábà máa ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ alẹ́ nílùú òyìnbó á mọ irú ìdánìkanwà tí mò ń sọ. Ìgbà tí gbogbo ayé ń jáde ni ìwọ ń wọlé. O ó wọ bọ́ọ̀sì, o ó ṣí ilẹ̀kùn fúnra rẹ, o ó sùn, o ó jí, ilẹ̀ á ti tún ṣú. Mo ṣe é fún ọdún mẹ́rin gbáko kí n tó ra kẹ̀kẹ́, dókítà kan ló sì gbà mí nímọ̀ràn pé kí n wá nǹkan ṣe pẹ̀lú ara mi.

Ẹgbẹ́ tí mo kọ́kọ́ darapọ̀ mọ́ kọ́ ni mo wà báyìí. Ti àkọ́kọ́, ọjọ́ Sunday kan ni mo bá wọn jáde. Láàárín wákàtí kan, wọ́n ti fi mí sílẹ̀. Wọn ò ṣe é pẹ̀lú ìkà. Ẹsẹ̀ wọn yá ju tèmi lọ, wọ́n ń lọ, wọn ò wẹ̀yìn. Mo dé oríta kan, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mi ò rí ẹnì kankan. Èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú láàárín wọn, mi ò sì lè sọ pé mi ò ro ìyẹn mọ́ ọn bí mo ṣe ń fi fóònù wá ọ̀nà ilé. Kò sẹ́ni tó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà láti béèrè bóyá mo délé. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Ìgbà tí mo gbọ́ nípa ẹgbẹ́ kejì, tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní Cannock Chase, ó gbà mí lóṣù mẹ́ta kí n tó lọ. Igbó ńlá ni Cannock Chase, ní àríwá Birmingham, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìdíje kẹ̀kẹ́ orí òkè ti Commonwealth Games ọdún 2022. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Evie Richards gba wúrà fún England, mo dúró lẹ́yìn okùn, mo sì pariwo títí ohùn mi fi há. Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi dúró sínú ẹgbẹ́ yẹn kéré ju wúrà lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo bá wọn gun òkè, mo dé orí rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ènìyàn, àyà mi ń lù kìkì, mo sì bá àwọn mẹ́jọ tí wọ́n dúró sójú kan, kẹ̀kẹ́ wọn sùn sílẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ẹ̀wà tí ẹnì kan fẹ́ sè. Kò sẹ́ni tó wo aago. Nígbà tí mo dé, bàbá kan sọ pé, "Mu omi ná," wọ́n sì tún dúró títí mo fi mu omi tán. Àwọn tó ń dúró de ẹni ẹ̀yìn, tí wọ́n sì tún gbéra lójú ẹsẹ̀ tó dé, ìsinmi wọn nìkan ni wọ́n gbà. Ìwọ̀nyí dúró kí èmi náà lè sinmi. Ìyàtọ̀ ńlá ló wà nínú méjèèjì, mi ò sì mọ̀ ọ́n títí di ọjọ́ náà.

Bàbá tó ní kí n mu omi yẹn di ẹni ọdún 61 lọ́dún tí a lọ sí Contin. Lẹ́tà ni wọ́n pín kiri kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ń pè wọ́n lórúkọ gan-an, bí àṣà òyìnbó, ẹnu tèmi kọ̀ ọ́. Mo gbìyànjú, orúkọ náà há mi lọ́fun. Mo bá ń pè wọ́n ní Bàbá. Nígbà tó tó oṣù kan, wọ́n bi mí léèrè ohun tí ó túmọ̀ sí, mo sọ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Mi ò bímọ." Mo ní, nílé wa kò dìgbà téèyàn bá bímọ. Láti ìgbà náà, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń pè wọ́n ní Bàbá, títí kan àwọn ọmọ Ìyá Ìbejì.

Àwa mẹ́rin la lọ: Bàbá, Ìyá Ìbejì, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 22 kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níṣẹ́, àti èmi. Ọjọ́ kan gbáko la fi wakọ̀ láti Birmingham, a gba M6, a gba M74, a gba A9 lọ sókè kọjá Perth, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lórí àwọn òkè. Ẹlòmíràn máa ń dá eré náà gùn fún wákàtí 24. Ẹlòmíràn méjì-méjì. Ẹlẹ́ni mẹ́rin ni tiwa: ẹnì kan á yí ojú ọ̀nà náà ká lẹ́ẹ̀kan, bíi kìlómítà 11, á padà wá gbá ọwọ́ mọ́ ti ẹni tó kàn, ìyẹn náà á sì gbéra. Ìyípo kan ń gbà wá ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ti pààrọ̀ táyà gbogbo wa sí èyí tí wọ́n kan ìṣó wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ mọ́, kó lè mú ilẹ̀ tí omi ti dì sí. Ohùn ìṣó náà lórí àpáta yàtọ̀, bí ẹni ń da ìrẹsì sínú àwo irin.

Oúnjẹ ló gba àròjinlẹ̀ jù. Èèyàn tó ń gun kẹ̀kẹ́ báyẹn gbọ́dọ̀ máa jẹ nǹkan tó ní ṣúgà nínú ní wákàtí-wákàtí, kí agbára má baà tán lójijì, nítorí bí ó bá tán, kì í padà kíákíá. Àwọn èèyàn ń ra èyí tí wọ́n rọ sínú ọ̀rá kéékèèké. Èmi mú dòdò Ìkirè lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fi rán ẹni tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ó sì di mímọ̀ láàárín wa pé kò sí ohun tó dára tó o ní aago méjì òru: ó dùn, ó sì ta. Bàbá ló jẹ ẹ́ jù.

Èèyàn á béèrè pé kí ni irú wa ń wá nínú ìdíje, nígbà tó dájú pé a ò ní gba ipò kankan. Mo ti gbọ́ ìbéèrè náà lẹ́nu ìyàwó mi, mo ti gbọ́ ọ níbi iṣẹ́. Ní oṣù keje ọdún 2024, mo rò pé mo rí ìdáhùn kan lórí tẹlifíṣọ̀n. Òkè Élancourt ni, lẹ́bàá Paris, ìdíje Olympics. Tom Pidcock, ọmọ England tó gba wúrà ní Tokyo, wà níwájú, táyà rẹ̀ iwájú bá jò. Nínú irú eré yẹn, kò sí ibi tó bá wu èèyàn tó ti lè gba ìrànlọ́wọ́. Ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nìkan ni. Pidcock ní láti fi táyà jíjò dé ibẹ̀. Nígbà tí yóò fi jáde, ó ti di ẹni kẹsàn-án, ó sì ti fi ohun tó ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá sẹ́yìn. Ó lé wọn, ó bá Victor Koretzky ọmọ Faransé ní ìyípo tó kẹ́yìn, ó gba àárín igi kọjá lára rẹ̀, ó gba wúrà. Ọmọ South Africa, Alan Hatherly, gba idẹ, mo sì fò sókè fún òun náà.

Gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ Pidcock. Ojú tèmi kò kúrò lára àwọn tó pààrọ̀ táyà náà. Wọ́n ti dúró síbẹ̀ láti ìgbà tí eré bẹ̀rẹ̀, táyà lọ́wọ́, bóyá yóò jò bóyá kò ní jò. Tí kò bá jò, ẹnì kankan kò ní mọ̀ pé wọ́n wá. Mo dìde nínú àga, mo sọ fún ìyàwó mi pé, "Ṣé o rí wọn? Ohun tí mò ń bá ọ sọ nìyẹn."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ eré kẹ̀kẹ́ orí òkè gan-an, kò sí ilé-iṣẹ́ kankan nídìí rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ kan ní Marin County, ní California, ló ń gbé ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ gun orí òkè, wọ́n sì ń bá ara wọn díje sísàlẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 1976 ni wọ́n kọ́kọ́ fi aago sí i. Bíréèkì àwọn kẹ̀kẹ́ náà wà láàárín gbùngbùn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó sì máa ń gbóná débi pé gírísì inú rẹ̀ á jóná di èéfín. Tí wọ́n bá ti sọ̀ tán, àfi kí wọ́n tún gírísì kì sínú rẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi sọ ọ̀nà náà ní Repack, ìyẹn "tún un kì". Mo fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí gírísì náà: ẹ fojú inú wò ó, àwọn ọ̀dọ́ jókòó yíká ní ìdí òkè, ọwọ́ gbogbo wọn dúdú, wọ́n ń tún kẹ̀kẹ́ ara wọn ṣe kí wọ́n lè padà gòkè.

Nígbà tí ṣéènì mi fi há, mi ò mọ iye aago. Mo tẹ pẹ́dàlì, ó dún "kọ́", ó mú. Mo gùn ún díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé yóò tún já. Nínú gbogbo ọ̀nà tó kù, ohun kan ṣoṣo ni mò ń rò: Bàbá ló kàn. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò wa, ó yẹ kí n dé ní aago mẹ́ta ààbọ̀. Àgọ́ kan wà lẹ́bàá ibi ìpààrọ̀ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ amúlégbóná sí. Mo ń gbàdúrà nínú ara mi pé kí wọ́n ti wọ inú rẹ̀ lọ, kí wọ́n ti sùn, kí n lọ jí wọn.

Mo já sí títì tó lọ sí ibi ìpààrọ̀, mo rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n dúró ti kẹ̀kẹ́ wọn, ọwọ́ kan lórí ìjókòó rẹ̀, wọ́n kọjú sí ọ̀nà tí mo ń bọ̀. Yìnyín ti bo èjìká wọn. Aago ti lé ní mẹ́rin pẹ̀lú ìṣẹ́jú 25.

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ṣéènì ló já."

Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n ní, "O ò farapa?"

Mo ní rárá.

Wọ́n ní, "Ó dáa." Wọ́n gbá ọwọ́ mọ́ tèmi, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n lọ.

Ìyá Ìbejì ló sọ ìyókù fún mi bó ṣe ń fi aṣọ gbígbóná wé mi lọ́wọ́. Ó ní òun bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n wọlé sínú àgọ́, pé òun á dúró níta, òun á pè wọ́n tí òun bá rí iná mi. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní, "Tó bá dé tí kò bá mi ńkọ́?" Òun náà wá lọ mú àga, ó jókòó tì wọ́n.

Mo ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní àràárọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ti fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ní wọ́ọ̀dù, a máa ń wo aago. Tí ẹni tó ń bọ̀ bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́, ojú wa á ti kọ́rẹ́. Láti ìgbà tí mo ti dé láti Contin, tí mo bá rí nọ́ọ̀sì tó sáré wọlé, tó ń mí gúlegúle, tó ń tọrọ àforíjì, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè bóyá kò sí nǹkan tó ṣe é lọ́nà. Mi ò mọ ẹni tó yà lẹ́nu jù nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, èmi tàbí òun.

Ó yẹ kí n lọ sùn lẹ́yìn tí mo gbé kẹ̀kẹ́ náà fún ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn. Ó ti tú ṣéènì náà jù nù kí n tó bọ́ bàtà tán, ó ń fi tuntun sí i, kò béèrè ohun tí mo ṣe sí i. Ẹni tó kàn lẹ́yìn Bàbá ni òun fúnra rẹ̀, ìyípo tèmi sì ṣì jìnnà. Mo jẹ dòdò Ìkirè tó kù, mo fi mẹ́ta sílẹ̀, mo wọ ẹ̀wù méjì léra, mo jáde.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá mi níbẹ̀ ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀, ó ti múra tán. Ó ní, "Ìwọ kọ́ ló kàn." Mo ní mo mọ̀. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn sún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí n lè ráàyè dúró. Òkùnkùn ṣì bo gbogbo igbó, a ń rí iná àwọn tó ń gòkè lókèèrè, ó ń hàn, ó ń pòórá láàárín igi. A ò lè mọ èwo ni tiwa nínú wọn. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ohùn ìṣó táyà lórí àpáta tó kẹ́yìn, bí ìrẹsì tí ń dà sínú àwo, mo di dòdò mẹ́ta náà mú lọ́wọ́, mo sì kọjú sí ọ̀nà.